Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Igi Lórúkọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ." Ìtumọ̀ òwe yìí kò fara sin. Bí a bá bí ọmọ sí ilé ọdẹ, a lè pè é ní Ọdẹ́wálé. Bí ó bá jẹ́ ilé onílù, Àyàn ni yóò ṣíwájú orúkọ rẹ̀. A kì í kàn pe ọmọ ní ohunkóhun tó bá wá sí wa lẹ́nu. A ó wo ẹbí tó ti wá, a ó wo bí ó ṣe wáyé, lẹ́yìn náà ni a ó tó sọ ọ́ lórúkọ.

Mo fẹ́ kí á fi òwe yìí wo iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ewéko. Nígbà mìíràn a máa ń gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n ti rí igi tuntun kan ní ilẹ̀ báyìí. Báwo ni igi tó ti ń hù láti ayébáyé ṣe wá di tuntun? Ta ló ń sọ ọ́ lórúkọ? Kí sì ni orúkọ náà wúlò fún? Igi kan ní orílẹ̀-èdè Bùràsíìlì ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Inú ẹbí ẹ̀wà ni igi náà ti wá, nítorí náà ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ẹbí ọ̀hún.

Ẹbí ẹ̀wà àti àwọn agbo ilé rẹ̀

Fabaceae tàbí Leguminosae ni àwọn onímọ̀ ń pe ẹbí yìí. Nǹkan bí irú ewéko 19,500 ló wà nínú rẹ̀, àwọn kan jẹ́ koríko, àwọn kan jẹ́ ìtàkùn, àwọn mìíràn sì jẹ́ igi ńláńlá. Ohun tí a fi ń dá ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ̀ ni èso wọn: àpò tí hóró tò sí nínú, bí a ti ń rí i lára ẹ̀wà tútù àti lára irúgbá.

Tẹ́lẹ̀ rí, agbo ilé mẹ́ta ni wọ́n pín ẹbí yìí sí. Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fẹnu kò lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò DNA, wọ́n sì sọ ọ́ di mẹ́fà. Ẹ wo bí àwọn tí àwa náà mọ̀ nílé ṣe bọ́ sí i:

1. Papilionoideae: ẹ̀wà, ẹ̀pà, òtílí àti igi osùn.
2. Caesalpinioideae: irúgbá àti àyùnrẹ́.
3. Detarioideae: igi apá.
4. Dialioideae: àwin, tí àwọn ọmọ iléèwé máa ń rà lá.
5. Cercidoideae: abàfẹ̀, tí ewé rẹ̀ là sí méjì ní orí.
6. Duparquetioideae: èyí kò ní ju ọmọ kan ṣoṣo lọ, inú igbó Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà ló sì ń gbé.

Ẹ kò rí i pé ẹbí yìí kò jìnnà sí wa? Ẹni tó jẹ irú láàárọ̀, tó jẹ mọ́ínmọ́ín lọ́sàn-án, tó sì fi àwin pa ẹnu dà, ti na ọwọ́ sí agbo ilé mẹ́ta láàárín ọjọ́ kan.

Igi tí wọ́n fi èso rẹ̀ wé àkọ̀ àdá

Ní ìpínlẹ̀ Espírito Santo, ní etíkun ìlà-oòrùn Bùràsíìlì, igbó ààbò kan wà nítòsí ìlú Linhares tí wọ́n ń pè ní Reserva Natural Vale. Igi kan wà níbẹ̀ tó ga tó mítà 40, tí orí rẹ̀ yọ ju ti gbogbo igi yòókù lọ. Wọ́n fojú bù ú pé igi kan péré lè wúwo tó tọ́ọ̀nù 62. Èso rẹ̀ le bí pákó, ó sì gùn tó ìdajì mítà. Nítorí pé èso yìí jọ àkọ̀ tí wọ́n ń fi àdá sí, àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní jueirana-facão. Facão yìí, àdá ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Potogí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: igi náà ti ní orúkọ nílé kí orúkọ mìíràn tó dé. Bí a bá ní igi jẹ́ tuntun, ohun tí a ń sọ ni pé kò tíì sí nínú ìwé àwọn onímọ̀. Kì í ṣe pé ojú ènìyàn kò tíì rí i rí.

Ní ọdún 2004, Domingos Folli, tó ń bójú tó ilé ìpamọ́ ewé gbígbẹ ní igbó ààbò náà, fi ọ̀rọ̀ igi yìí tó Gwilym Lewis létí. Lewis jẹ́ ọ̀gá nínú ìmọ̀ ẹbí ẹ̀wà ní ọgbà Kew ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n tilẹ̀ rò pé ó lè jẹ́ ìdílé tuntun tí a kò gbọ́ rí. Ṣùgbọ́n ọdún 2017 ni Lewis àti Geovane Siqueira, tó ń tọ́jú ilé ìpamọ́ náà lẹ́yìn Folli, tó tẹ orúkọ rẹ̀ jáde. Ọdún mẹ́tàlá gbáko! Bí ojú bá farabalẹ̀, yóò rí imú.

Ohun tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó sọ igi lórúkọ

Kí ló gba àkókò tó bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ kí á tò ó lẹ́sẹẹsẹ.

Àkọ́kọ́, wọn yóò gé ẹ̀ka tó ní ewé, wọn yóò sì wá òdòdó àti èso rẹ̀ pẹ̀lú. Igi kì í tan òdòdó kí ó sì so lọ́jọ́ kan náà, nítorí náà wọ́n lè lọ síbẹ̀ nígbà púpọ̀. Bí òdòdó bá sì wà ní òkè téńté igi tó ga tó mítà 40, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé ọwọ́ kò lè kàn dédé tó o. Wọn yóò tẹ ẹ̀ka náà mọ́ àárín bébà kí ó lè gbẹ, wọn yóò sì kọ ibi tí wọ́n ti gé e, ọjọ́ tí wọ́n gé e, bí igi ṣe ga tó, àti orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè é.

Èkejì, wọn yóò gbé e wé àwọn tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí ilé ìpamọ́ ewé gbígbẹ fi ṣe pàtàkì. Ti Kew ní ẹ̀ka gbígbẹ tó ju mílíọ̀nù 7 lọ. Àwa náà ní tiwa ní Ìbàdàn, ní iléeṣẹ́ ìwádìí nípa igbó tí wọ́n ń pè ní FRIN. "Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run." Igi méjì lè jọra lójú, kí òdòdó wọn tàbí èso wọn sì fi hàn pé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ẹ̀kẹta, wọn yóò wá ilé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wo igi àdá yìí dáadáa, wọ́n rí i pé kì í ṣe ìdílé tuntun. Ìdílé Dinizia ló ti wá, nínú agbo ilé Caesalpinioideae, níbi tí irúgbá tiwa náà wà. Láti ọdún 1922 tí Adolpho Ducke ti sọ Dinizia excelsa lórúkọ, ọmọ kan ṣoṣo náà ni ìdílé yìí ní lójú àwọn onímọ̀. Igbó Amásónì ni ẹ̀gbọ́n yìí ń gbé, ibẹ̀ jìnnà sí Espírito Santo. Ní ọdún 2019, wọ́n wọn ọ̀kan nínú wọn níbẹ̀, ó ga ní mítà 88.5. Lẹ́yìn ọdún márùn-dín-lọ́gọ́rùn-ún, ẹ̀gbọ́n ní àbúrò.

Ẹ̀kẹrin, wọn yóò kọ ọ́ jáde. Àpèjúwe gbọ́dọ̀ wà, ní èdè Látìn tàbí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Látìn nìkan ni òfin fọwọ́ sí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2012, Gẹ̀ẹ́sì náà ti tó. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ yan ẹ̀ka gbígbẹ kan tí yóò jẹ́ ẹlẹ́rìí fún orúkọ náà. Bí àríyànjiyàn bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹ̀ka yẹn ni wọn yóò lọ wò.

Orúkọ ìdílé àti orúkọ àbísọ

Láti ìgbà ìwé tí Linnaeus tẹ̀ jáde ní ọdún 1753 ni ewéko kọ̀ọ̀kan ti ń jẹ́ orúkọ méjì. Èyí àkọ́kọ́ dà bí orúkọ ìdílé, èkejì sì dà bí orúkọ tí a sọ ọmọ fúnra rẹ̀. Wọ́n pe igi yìí ní Dinizia jueirana-facao. Orúkọ tí àwọn ará ilé fi ń pè é ni wọ́n fi sọ ọ́, wọ́n kàn yọ àmì orí lẹ́tà kúrò ni. Ní tèmi, orúkọ yìí jọ àmútọ̀runwá: bí a ti ń rí ìbejì tí a ń pe àkọ́dé ní Táíwò, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó rí èso igi yìí kò ní í bi ẹnikẹ́ni kí ó tó mọ ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní àdá.

Kì í ṣe gbogbo igi ló rí irú oore yìí gbà. Ẹ wo irúgbá wa. Ọdún 1763 ni Jacquin kọ́kọ́ fún un ní orúkọ Látìn, nínú ìwé tó kọ nípa ewéko ilẹ̀ Amẹ́ríkà! Igi ilẹ̀ Áfíríkà ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé e sọdá òkun lọ sí erékùṣù Kàríbíánì ní ayé òwò ẹrú. Nígbà tó yá, Robert Brown dá ìdílé Parkia sílẹ̀, ó fi bọlá fún Mungo Park, arìnrìn-àjò tó kú sí Bussa ní ọdún 1806. Bí irúgbá ṣe di Parkia biglobosa nìyí. Kò sí "irú," kò sì sí "igbá" nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ tún wo osùn, tí a fi ń kun ìyàwó àti ọmọ tuntun. Ọ̀kan nínú àwọn igi tí à ń pè bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ Pterocarpus osun nínú ìwé àwọn onímọ̀ títí di òní. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ni wọ́n kọ síbẹ̀! Gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ èdè, àìsí àmì ohùn orí rẹ̀ ń dùn mí díẹ̀, nítorí àlejò lè rò pé odò Ọ̀ṣun ni wọ́n ń sọ. Síbẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ bi onílé léèrè.

Kí ni orúkọ wúlò fún?

Nígbà tí wọ́n ń kọ ìwé nípa igi àdá náà ní 2017, igi 25 péré ni wọ́n mọ̀ pé ó kù ní gbogbo ayé. Nǹkan bí ìdajì wọn wà nínú igbó ààbò, àwọn yòókù wà níta. Igi tí kò ní orúkọ nínú ìwé kò lè wọ inú àkọsílẹ̀ àwọn igi tó fẹ́ parun. Ẹni tó fẹ́ gbèjà rẹ̀ kò ní mọ bí yóò ṣe pè é níwájú òfin. Bí ẹnì kan bá gé èyí tó gbẹ̀yìn lulẹ̀, a kò tilẹ̀ ní mọ ohun tó sọnù.

Ní tiwa ńkọ́? Nígbà tí mo ń kọ́ Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, mo ní kí àwọn ọmọ kíláàsì kan mú ewé mẹ́wàá wá pẹ̀lú orúkọ wọn. Ewé pọ̀ lórí tábìlì mi lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n "ewé kan" àti "igi ẹ̀yìnkùlé wa" ni ọ̀pọ̀ kọ. Mo rẹ́rìn-ín, mo bá gbé ọ̀kan sókè láti sọ orúkọ rẹ̀ fún wọn. Èmi náà kò mọ̀ ọ́n. Ìyá mi ì bá mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ìyá mi ti lọ, n kò sì kọ ohun tó mọ̀ sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ lọ bá àwọn àgbà yín. Ẹ béèrè orúkọ ewé lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì kọ ìlú, ọjọ́ àti ẹni tó sọ ọ́. Ẹ má kọ orúkọ nìkan. Ẹ ya fọ́tò ewé, òdòdó àti èso rẹ̀, nítorí orúkọ kan lè jẹ́ ti igi méjì. Igi mìíràn tún wà, Baphia nitida, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní osùn bákan náà. Ẹ̀ka ẹlẹ́rìí ni yóò yanjú rẹ̀.

"Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè." Folli àti àwọn ará ilé mọ igi náà, Lewis mọ ẹbí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pa ọwọ́ pọ̀, igi àdá rí ilé, ó sì rí orúkọ jẹ́. Kí orúkọ tiwa náà má parun o. Àṣẹ.