Ilé Ìwé Ìjọba, Àbí Ilé Ìwé Ìlú?

Bí nǹkan bá bàjẹ́ nílé ìwé, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé, “Ilé ìwé ìjọba ni, ìjọba á tún un ṣe.” Mo fẹ́ ṣàlàyé ìdí tí ọ̀rọ̀ yẹn ò fi tó, àti ohun tí àwọn àgbà ìlú lè ṣe sí i.

Nígbà tí Ogbomoso Grammar School bẹ̀rẹ̀ ní 1952, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, Ògbómọ̀ṣọ́ Parapọ̀, ló wà nídìí ẹ̀. Ní Ọ̀yọ́ níbí, ìjọ Onítẹ̀bọmi ló dá Olivet Baptist High School sílẹ̀ ní 1945. Nígbà náà, bí òrùlé bá jò, àwọn tó ni ín wà nítòsí. Ní àwọn ọdún 1970 ni ìjọba gba ọ̀pọ̀ irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀. Ní 1979, ìjọba Bọ́lá Ìgè sọ ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ọmọ tálákà rí ilé ìwé wọ̀, ìyẹn dáa gan-an. Ṣùgbọ́n ìlú káwọ́ kò.

Ní 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ fẹ́ kí àwọn aládàáni bá wọn dá sí ilé ìwé girama 31. Àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀hónú hàn, wọ́n ní títà ni wọ́n fẹ́ tà á. Ọdún yẹn náà ni School Governing Board, ìyẹn SGB, dé. Òbí àti olùkọ́ ló ni PTA. Ní ti SGB, àgbà àdúgbò àti àwọn tó ti jáde nílé ìwé náà ń bá wọn jókòó.

Kí ni baálẹ̀ lè ṣe tí pírínsípà ò lè ṣe? Èkíní, ilẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù wọnú ilẹ̀ ilé ìwé, pírínsípà tí wọ́n lè gbé lọ sí Ṣakí lọ́dún tó ń bọ̀ lè má mọ ààlà. Àgbà àdúgbò mọ̀ ọ́n. Èkejì, olè. Mo mọ ilé ìwé kan tí wọ́n ń yọ gíláàsì fèrèsé ẹ̀ lálẹ́. Ọlọ́dẹ kan ò lè ṣọ́ fẹ́ǹsì tó ti wó, àmọ́ agbolé kan ni olè yẹn ti ń jáde, baálé ibẹ̀ sì lè pè é. Ẹ̀kẹta, ọmọ tó ń kiri ọjà ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Tí ìyálọ́jà bá ní ó tó gẹ́ẹ́, àwọn ìyá á gbọ́. Àwa tí à ń tilé wá, ìwọ̀nba wákàtí la ń lò nílé ìwé. Ìyókù, ọwọ́ ìlú la wà.

Ewu wà níbẹ̀ o. Ìgbìmọ̀ lè di oyè lásán, kí wọ́n kàn máa jókòó síwájú lọ́jọ́ inter-house sports. Ó sì lè di ọ̀nà àtigbowó. Ní 29 oṣù Karùn-ún 2019, Gómìnà Ṣèyí Mákindé fagi lé 3,000 náírà tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Kò yẹ kí owó yẹn gba ẹ̀yìn wọlé.

Àbá mi ò gbówó. Ní tááàmù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lẹ ìpinnu wọn mọ́ ojú pátákó yìí: kí ni wọ́n fẹ́ ṣe, ta ni yóò ṣe é, ìgbà wo? Kí head boy àti head girl náà wà ní ìpàdé, torí àwa la mọ kíláàsì tí òjò ń jò sí. Èmi lè ti ṣe WAEC tán kí wọ́n tó tún òrùlé kan ṣe. Àwọn JSS 1 ni mo ń rò. Ìjọba ló ń sanwó olùkọ́ wọn, ṣùgbọ́n ìlú ló bí wọn.