Oúnjẹ Wà Nínú Ilẹ̀, Ọwọ́ Gbòǹgbò Ni Kò Tó O

Bí ewé àgbàdo kékeré bá ń ní àwọ̀ àlùkò létí, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ á ní ilẹ̀ ti ṣá. Àìtó fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì máa ń fa àwọ̀ yìí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í sábà jẹ́ pé èròjà náà tán pátápátá. Èyí tó pọ̀ jù lẹ̀ mọ́ erùpẹ̀; díẹ̀ péré ló yòrò sínú omi ilẹ̀ tí gbòǹgbò ń fà. Náítírójìn a máa bá omi ṣàn wá sídìí ohun ọ̀gbìn, ṣùgbọ́n fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ń rá pálá ni. Láìpẹ́, gbòǹgbò á ti fa èyí tó wà ní nǹkan bíi mìlímítà kan sí méjì yí i ká, ebi á sì máa pa á láàárín ọ̀pọ̀.

Irú ilẹ̀ ló ń pinnu bí òmíràn á ṣe tètè dé rọ́pò èyí tí gbòǹgbò fà. Ilẹ̀ pupa tí irin àti álúmíníọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀ ń di fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì mú pinpin, pàápàá bí ásíìdì rẹ̀ bá le. Nínú ilẹ̀ òkúta ẹfun, kálísíọ̀mù ló ń dè é. Yanrìn kì í dì í mú, àmọ́ kò ní ìpamọ́ tó lè fi rọ́pò ohun tí gbòǹgbò gbé lọ. Bí ọ̀dá bá sì dá, omi inú ilẹ̀ á fà sẹ́yìn, ọ̀nà tí èròjà náà ń gbà rìn á dí.

Ẹnìkan lè ní kí a ṣáà máa da ajílẹ̀ sí i títí ilẹ̀ á fi yó, bí wọ́n ti ṣe ní Cerrado ní Brazil, níbi tí ilẹ̀ pupa ti di oko sóyà rẹpẹtẹ. Ṣùgbọ́n òkúta ẹfun lílọ̀ ni wọ́n fi pa ásíìdì ibẹ̀ ná, owó ńlá ló sì bá a rìn. Ẹlòmíràn lè ní èyí tí ilẹ̀ dì mú kò ṣòfò, yóò padà tú u sílẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún, bẹ́ẹ̀ oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ni àgbàdo ní.

Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yorùbá kò le tó ti Cerrado nínú dídi fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì mú. Nítorí náà, díẹ̀ tí a bò mọ́lẹ̀ nítòsí irúgbìn sàn ju púpọ̀ tí a fọ́n káàkiri lọ. Ìgbẹ́ ẹran àti ewé jíjẹrà ń dín ìdìmú kù, olú tín-ín-rín tó ń bá gbòǹgbò gbé sì ń na ọwọ́ kọjá ibi tí gbòǹgbò ti fà gbẹ. Kí àgbẹ̀ tó ra àpò ajílẹ̀ mìíràn, kí ó bi ẹni tó ń yẹ ilẹ̀ wò ní ìbéèrè méjì: báwo ni fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ibẹ̀ ṣe pọ̀ tó, báwo ló sì ṣe ń yára tó láti dé ẹnu gbòǹgbò?