Ẹṣin, Ẹrẹ̀ àti Egbò Kékeré

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí kan àwọn tí ń gun ẹṣin ọdún, àwọn tí ń tọ́jú ẹṣin, àti àwọn ìyá tí ọmọ wọn kì í gbélé nígbà tí ẹṣin bá ń kọjá. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ gun ẹṣin rí láyé yín, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kà á dé ìsàlẹ̀, nítorí àrùn tí mo fẹ́ sọ kì í bèèrè bóyá ènìyàn ní ẹṣin tàbí kò ní.

Gbogbo wa mọ̀ pé oṣù ojú ọ̀run ni a fi ń ka ọjọ́ Iléyá, nítorí náà lọ́dọọdún ni ó ń fi bí ọjọ́ 11 yá ju ti èṣí lọ. Láti ọdún 2016 títí di ọdún 2025, kò sí Iléyá kan tí kò bọ́ sí àkókò òjò. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n sì ń ṣe Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ní ọdún 2024, ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ni ó bọ́ sí; ní ọdún 2025, ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ni. Níbẹ̀ ni àwọn ìdílé Balógun, bí ìdílé Kúkú, ìdílé Odùnúgà àti ìdílé Alátìṣe, ti ń fi ẹṣin figa gbága, tí ìbọn ń dún, tí olúkúlùkù fẹ́ kí tirẹ̀ ta ti ẹnìkejì yọ. Ẹni tí yóò bá gun ẹṣin dáadáa lọ́jọ́ náà, inú òjò ni yóò ti kọ́ ọ. Inú òjò náà ni ẹrẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹṣin ti ń pò pọ̀ di ọbẹ̀ kan náà nínú ilé ẹṣin.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ní dìsípẹ́ńsárì kan nítòsí Bẹẹrẹ, ọmọkùnrin méjì kan wà ní agboolé kan ní Bẹ́yẹrúnkà tí wọ́n ń bá àwọn ẹlẹ́ṣin ṣiṣẹ́. Èkíní ń gun ẹṣin, èkejì ń tọ́jú wọn. Ó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Iléyá dé, ẹṣin yọ̀ nínú ẹrẹ̀, ó sì gbé èkíní ṣánlẹ̀. Apá rẹ̀ ya, ẹ̀jẹ̀ bo aṣọ rẹ̀, gbogbo agboolé sì pariwo. Kí wákàtí kan tó pé wọ́n ti gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. A fi omi àti ọṣẹ fọ egbò náà títí gbogbo ẹrẹ̀ fi jáde, a fún un ní abẹ́rẹ́, a sì fi í ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá kí wọ́n lè rán an. Ojú egbò náà jiná.

Lọ́sẹ̀ kan náà, èkejì fi ẹsẹ̀ gún ìṣó nínú ilé ẹṣin. Sálúbàtà ni ó wọ̀. Ó fa ìṣó náà yọ, ó da ọ́ìlì ọkọ̀ sí i, ó fi àkísà dì í, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ta ni yóò tìtorí ìṣó kan pariwo? Lọ́jọ́ kejì, ìyá rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi pé kí n fún òun ní oògùn ara ríro, pé ẹsẹ̀ ń dun ọmọ òun díẹ̀. Èrò pọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo fún un ní oògùn, n kò sì bèèrè ohun tí ó ṣe ẹsẹ̀ náà. Èmi náà jẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ yìí, mo sì sọ ọ́ kí nọ́ọ̀sì mìíràn lè fi mí kọ́gbọ́n.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ìyá náà tún dé, ó ń sunkún. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ gbà mí o, wọ́n ti di ọmọ mi lẹ́nu!" Ọmọ náà kò lè la ẹnu tó bí ìka kan. Ọrùn rẹ̀ le bí igi. Bí ẹnìkan bá ti ilẹ̀kùn gbàà, gbogbo ara rẹ̀ a le gbandi, ẹ̀yìn rẹ̀ a sì tẹ̀ bí ọrun. Síbẹ̀ ojú rẹ̀ là, ó gbọ́ gbogbo ohun tí a ń sọ. Wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e lọ sí ibòmíràn fún ọjọ́ kan, nítorí wọ́n rò pé aráyé ni. Kì í ṣe aráyé, kì í sì í ṣe wárápá. Tẹ́tánọ́ọ̀sì ni. Ó lé ní oṣù kan nílé ìwòsàn ńlá, ẹ̀rọ ni ó ń bá a mí fún ọjọ́ púpọ̀. Ọlọ́run yọ ọ́. Ọ̀pọ̀ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ni kò bọ́.

Kí ni ó fà á tí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ bò fi gbádùn, tí ẹni tí ìṣó gún fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú? Kòkòrò àrùn yìí wà nínú ilẹ̀ níbi gbogbo. A máa gbé inú ìfun ẹṣin àti ẹran ọ̀sìn mìíràn, a sì máa bá ìgbẹ́ wọn jáde. Nínú ilẹ̀, ó a wé ara rẹ̀ bí kóró èso, ó sì lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Oòrùn kò pa á, òjò kò pa á. Kò fẹ́ afẹ́fẹ́. Egbò tí ó là gbàràgàdà, tí a sì fọ̀ dáadáa, kò bá a lára mu. Ihò kékeré tí ó jìn, tí òkè rẹ̀ ti dí, tí ẹrẹ̀ ṣẹ́kù sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ilé rẹ̀. Níbẹ̀ ni yóò ti máa tú oró sínú iṣan. Àmì rẹ̀ sábà máa ń yọ láàárín ọjọ́ 3 sí ọjọ́ 21, nígbà tí egbò náà lè ti san, tí a sì ti gbàgbé rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ gbọ́ ohun ìyanu kan. Ẹṣin kan náà tí ìgbẹ́ rẹ̀ ń gbé àrùn yìí kiri ni ó fún wa ní oògùn rẹ̀. Ní ọdún 1890, Emil von Behring ará Jámánì àti Kitasato ará Japan fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ẹran tí a ti mú kí ara rẹ̀ mọ oró yìí í bá a jà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹṣin, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pọ̀. Nígbà ogun àgbáyé kìíní tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1914, àwọn ọmọ ogun ń jà lórí ilẹ̀ oko tí ìgbẹ́ ẹṣin kún inú rẹ̀ ní Faransé àti Bẹ́ljíọ̀mù, àrùn yìí sì ń pa wọ́n títí a fi ń fún gbogbo ẹni tí ó bá fara gbọgbẹ́ ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ẹṣin yìí.

Nítorí náà, irú abẹ́rẹ́ méjì ni ó wà, ẹ má ṣe pa wọ́n pọ̀. Ọ̀kan ni oògùn tí ó ti ṣe tán, tí í dá oró dúró lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n tí agbára rẹ̀ kì í pẹ́ nínú ara. Bí irú èyí tí a ṣe láti ara ẹṣin bá ti mú ara yín wú tàbí yún yín rí, ẹ tètè sọ fún nọ́ọ̀sì. Èkejì ni abẹ́rẹ́ àjẹsára tí í kọ́ ara ní ìjà. Kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ó pẹ́. Àgbàlagbà tí kò gbà á rí yóò gba mẹ́ta: ọ̀kan lónìí, èkejì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ̀kẹta lẹ́yìn oṣù mẹ́fà sí èkejì. Lẹ́yìn èyí, kí ó máa gba ọ̀kan ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá. Bí egbò ẹlẹ́rẹ̀ bá sì ṣe é, tí èyí tí ó gbà kẹ́yìn bá ti tó ọdún márùn-ún, kí ó tún gba ọ̀kan.

Àwọn obìnrin wa ń gba abẹ́rẹ́ yìí nígbà oyún, àwọn ọmọ ọwọ́ sì ń gbà á ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Ẹ̀yin ọkùnrin ni kò sí ẹni tí ń pè yín wá gbà á. Ẹ̀yin náà ni ẹ sì ń gun ẹṣin.

Bí nǹkan bá gún yín tàbí tí ẹ ṣubú, ẹ fi omi mímọ́ tí ń ṣàn àti ọṣẹ fọ ojú egbò náà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ má ṣe da ọ́ìlì ọkọ̀ sí i. Ẹ má ṣe fi eérú, ìgbẹ́ ẹran, itọ́ tàbí àgbo sí i. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, kí ẹ sì lọ sí dìsípẹ́ńsárì lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ yín dání. Ẹni tí ó bá fi orí gbálẹ̀, tí ó ń bì tàbí tí oorun àìdáa ń kùn, ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ gbé e lọ. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá ti ń dì, ẹ má ṣe fi ṣíbí ya á, ẹ má ṣe ro àgbo sí i lẹ́nu, nítorí yóò gba ọ̀fun lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ gbé e lọ kíákíá, láìpariwo.

Ẹ̀yin olórí ẹlẹ́ṣin, ẹ ra bàtà òjò fún àwọn ọmọ tí ń kó ìgbẹ́ ẹṣin, kí ẹ sì ṣa ìṣó inú ilé ẹṣin. Ẹ jẹ́ kí dókítà ẹran fún ẹṣin náà ní abẹ́rẹ́, nítorí àrùn yìí ń pa ẹṣin pẹ̀lú. Bí ilẹ̀ bá sì ti kún fún omi jù, ẹ sọ pé ó di ọjọ́ mìíràn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fagi lé ìdíje ẹlẹ́ṣin ńlá ti Badminton ní ọdún 2012 nítorí pé òjò ti sọ pápá di ẹrẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó pè wọ́n ní ojo.

Àwọn àgbà ní, bí ẹṣin bá dá ni, à á tún un gùn ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fọ egbò, kí ẹ gba abẹ́rẹ́, kí ẹ tó tún un gùn. Ó tún di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.