Yíyọ Òǹkà Inú Ọ̀rọ̀ àti Fífi Wọ́n Wéra Lórí Kọ̀ǹpútà

Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí a ṣe ń yọ òǹkà tó fara sin sínú ọ̀rọ̀, tí a sì ń fi wọ́n wéra, nígbà tí a bá ń kọ ìlànà iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà.

Ẹ jẹ́ kí a wo àkọsílẹ̀ méjì: "Ọ̀yọ́, St. Andrew's College, 1896" àti "Ogbomọ̀ṣọ́, Baptist Seminary, 1898". Bí kọ̀ǹpútà bá tò wọ́n bí wọ́n ṣe wà, Ogbomọ̀ṣọ́ ni yóò ṣáájú, bẹ́ẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ti Ọ̀yọ́ ni ẹ̀gbọ́n. Lẹ́tà ni ó kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò, kì í ṣe ọdún. Nínú Unicode, 79 ni O, 7884 sì ni Ọ.

Yíyọ òǹkà nìkan kò tó, nítorí èyí tí a yọ ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Bí máàkì akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta bá jẹ́ 9, 72 àti 100, 9 ni yóò ṣe ìkíní, nítorí pé 9 ju 7 lọ, 7 sì ju 1 lọ. Ẹni tó gba gbogbo máàkì yóò wá di ẹni ìkẹyìn!

Nínú èdè Python, \d+ ń wá òǹkà. Ṣùgbọ́n nínú "Ìdánwò 2: 72", 2 ni re.search yóò kọ́kọ́ bá. \d+$ ni yóò mú 72 tó gbẹ̀yìn; int() ni yóò sì sọ ọ́ di iye.

Ní ìkádìí, kí olùkọ́ yọ òǹkà tó yẹ, kí ó sọ ọ́ di iye, kí ó tó fi wéra. Èsì ìdánwò ọmọ ọlọ́mọ kì í ṣe ohun àfọwọ́yẹpẹrẹ mú.