Ẹ Má Jẹ́ Kí Sípíkà Gba Ọ̀rọ̀ Lẹ́nu Ìlù

Bí òwe bí òwe là ń lu ìlù ògìdìgbó. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ wà ní Kubwa, Nyanya, Karu, Gwagwalada àti gbogbo Àbújá, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá yìí lè jọ ọ̀rọ̀ àwọn atúnrédíò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé wa ni.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, mo gbé àwo Juju Music, èyí tí King Sunny Ade ṣe jáde ní ọdún 1982, sí sẹ́ẹ̀tì nílé. Àbíkẹ́yìn mi jókòó tì mí. Bí gángan ti ń sọ̀rọ̀, mo bi í pé, "Kí ni ìlù yẹn wí?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Dádì, gbì-gbì-gbì ni mo ń gbọ́." Inú bí mi. Mo ní àwọn ọmọ wọ̀nyí ti sọ èdè nù. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tẹ́tí dáadáa, gbì-gbì-gbì ni èmi náà ń gbọ́! Ohun tí mo ti mọ̀ láti kékeré ni mo rò pé mo ń gbọ́.

Láti ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991 tí ìjọba àpapọ̀ ti kó olú ìlú wá síbí, ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni a bí sí Àbújá. Wọn kò bá onílù pàdé lẹ́nu ọ̀nà ààfin rí. Inú sípíkà ni wọ́n ti mọ ìlù. Bí sípíkà bá ń purọ́, irọ́ náà ni wọn yóò gbọ́ dàgbà.

Àṣìṣe méjì ni a bá nínú sẹ́ẹ̀tì náà. Àkọ́kọ́ wà lójú equalizer. Bọ́tìnnì apá òsì ni ti béèsì, ti apá ọ̀tún ni ti ohùn tín-ín-rín, ti àárín ni ibi tí ohùn ènìyàn àti ìlù wà. Àwọn ọmọ ti gbé òsì àti ọ̀tún sókè pátápátá, wọ́n fa àárín wálẹ̀, ó wá rí bí inú igbá.

Ẹ gbọ́, etí ènìyàn lè gbọ́ ohun tó bá gbọ̀n láti ìgbà 20 dé ìgbà 20,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan; òun ni wọ́n ń pè ní hertz. Ṣùgbọ́n 300 sí 3,400 péré ni tẹlifóònù onówáyà ń gbé, a sì ń gbọ́ ara wa yé. Àárín ni ọ̀rọ̀ wà. Nítòsí ibẹ̀ náà ni dò-re-mí tí gángan fi ń sọ̀rọ̀ wà. Bí béèsì bá hó bò ó, dò àti mí yóò di ọ̀kan náà.

Àṣìṣe kejì wà nínú àpótí sípíkà. Wúfà, èyí tó tóbi, ló ń ké béèsì. Tuítà, èyí tó kéré, ló ń ké ohùn òkè. Crossover ló ń pín iṣẹ́ fún wọn. Kọ́ílì wáyà kì í jẹ́ kí ohùn òkè dé wúfà. Capacitor kì í jẹ́ kí béèsì lọ jó tuítà. Ibi tí wúfà bá gbé ẹrù sílẹ̀ ni tuítà gbọ́dọ̀ ti gbé e. Nínú tiwa, ẹnì kan tó tún un ṣe rí ti yọ capacitor 6.8 microfarad, ó fi 2.2 rọ́pò rẹ̀. Lórí tuítà ohms 8, 6.8 máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní nǹkan bí hertz 2,900, 2.2 kì í bẹ̀rẹ̀ títí di nǹkan bí 9,000. Wúfà sì ti dáwọ́ dúró ní nǹkan bí 3,000. Àlàfo tó ṣẹ́ kù yẹn gan-an ni a fi ń mọ "s" yàtọ̀ sí "ṣ". "Ó sá" àti "ó ṣá" wá ń jọra.

Owó táṣẹ́rẹ́ ni a fi ra capacitor tó yẹ. Mo dá gbogbo bọ́tìnnì equalizer padà sórí ìlà àárín. Nígbà tí gángan tún sọ̀rọ̀, ọmọ náà kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi ẹnu tẹ̀ lé e, dò ní dò, mí ní mí. Ìgbà náà ni mo tó rí nǹkan túmọ̀ fún un.

Ẹ̀yin ará, ẹ yẹ tiyín wò. Ẹ so wáyà pupa mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú. Bí sípíkà kan bá dorí kodò, bí ọ̀kan ti ń tì ni èkejì yóò máa fà, béèsì yóò sì pòórá. Ẹ má fi sípíkà há igun ògiri, nítorí igun a máa sọ béèsì di púpọ̀. Bí ohùn kò bá dáa, ẹ kọ́kọ́ dín èyí tó pọ̀ jù kù, kí ẹ tó fi kún èyí tó kéré. Kí ẹ sì rántí aládùúgbò: ìbáà ṣe Gbagyi, Hausa tàbí Igbo, béèsì wa ń wọ ògiri bá wọn lórí ibùsùn.

Ìlù tó bá dún àdúnjù, kò ní í pẹ́ ya. Lálẹ́ òní, ẹ fi àwo kan sí i, kí ẹ sì bi ọmọ yín pé, "Kí ni ìlù wí?" Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ kọ́kọ́ yẹ sípíkà wò kí ẹ tó bá ọmọ wí. Ire o.