Ẹ Má Tíì Ta Fóònù Àtijọ́ Yẹn!

Bí ẹnì kan nínú ìdílé bá ra fóònù tuntun, inú gbogbo ilé ló máa ń dùn. Wọ́n á kó nọ́ńbà àwọn èèyàn sínú ẹ̀, wọ́n á kó fọ́tò, wọ́n á sì gbé WhatsApp wá síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, fóònù àtijọ́ á di ti àbúrò, tàbí kí wọ́n gbé e lọ sọ́jà, bóyá ní Computer Village n’Íkẹjà, ní Banex l’Ábújá, tàbí ní Farm Centre ní Kánò, kí owó ẹ̀ lè dín ti tuntun kù. Ẹni tó bá rà á á pa gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ rẹ́. Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Àmọ́ ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí kó. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá kan ń tajà lórí Facebook. Lóṣù kan lẹ́yìn tó ta fóònù àtijọ́, ó fẹ́ wọ ojú ìwé ọjà ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ọmọ ẹ̀, ni wọ́n bá ní kó tẹ nọ́ńbà mẹ́fà tó wà nínú fóònù ẹ̀. Fóònù wo? Èyí tó ti tà. Páásíwọọ̀dù ẹ̀ tọ̀nà, síbẹ̀ ilẹ̀kùn ò ṣí. Àwọn oníbàárà tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà.

Báwo lẹ ṣe lè ṣe é tí irú ẹ̀ ò fi ní ṣẹlẹ̀ nínú ilé yín?

Ibo ni kóòdù náà ti ń wá?

Páásíwọọ̀dù dà bíi kọ́kọ́rọ́. Olè lè rí i jí, ó sì lè wo ọwọ́ yín nígbà tẹ́ ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí Google, Facebook àtàwọn míì fi gbà wá níyànjú pé ká fi àgádágodo kejì sí i. Kóòdù tá à ń sọ yìí ni àgádágodo náà.

Ọ̀nà méjì tó wọ́pọ̀ ni kóòdù ń gbà wá. Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sórí nọ́ńbà fóònù yín. Ìyẹn ò le: ibi tí síìmù bá lọ ló ń bá a lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀daràn máa ń dọ́gbọ́n gba síìmù olóhun, ẹni tó bá sì ti lọ sókè òkun lè má rí àtẹ̀jíṣẹ́ gbà lórí síìmù Nàìjíríà ẹ̀.

Ìkejì ni èyí tí áàpù kan nínú fóònù ń ṣe fúnra ẹ̀, irú bíi Google Authenticator. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣí i, wọ́n fi àwòrán onígun mẹ́rin kan hàn yín, tó ní àmì dúdú àti funfun wíńníwíńní, ẹ sì fi kámẹ́rà yà á. Àṣírí kan ló wà nínú àwòrán náà. Fóònù yín tọ́jú àṣírí yẹn, ibi tẹ́ ẹ fẹ́ máa wọ̀ náà sì tọ́jú tiẹ̀. Ní ìṣẹ́jú àáyá 30 síra wọn, fóònù máa ń fi àṣírí náà ṣírò pẹ̀lú aago, á sì gbé nọ́ńbà mẹ́fà jáde. Àwọn náà á ṣe ìṣirò kan náà lọ́dọ̀ tiwọn. Bí méjèèjì bá bára mu, ilẹ̀kùn á ṣí.

Ìdí nìyí tí kóòdù fi ń jáde kódà bí kò bá sí dátà tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá. Ìdí nìyí náà tó fi jẹ́ pé bẹ́ ẹ bá yọ síìmù sínú fóònù tuntun, kóòdù ò ní bá a lọ. Inú fóònù ni àṣírí wà, kò sí nínú síìmù.

Bẹ́ ẹ ṣe máa kó o

Ẹ jẹ́ ká fi Google Authenticator ṣe àpẹẹrẹ, torí pé òun lọ̀pọ̀ èèyàn ń lò. Ẹ rí i dájú pé fóònù méjèèjì wà lọ́wọ́ yín àti pé iná wà nínú wọn.

1. Ẹ gba áàpù náà sórí fóònù tuntun látinú Play Store tàbí App Store. Ẹ wò ó dáadáa bóyá Google ló ṣe é, torí àwọn ayédèrú tó jọ ọ́ wà.

2. Lórí fóònù àtijọ́, ẹ ṣí áàpù náà, ẹ tẹ “Transfer accounts”, lẹ́yìn náà “Export accounts”. Ẹ mú àwọn tẹ́ ẹ fẹ́ kó. Àwòrán onígun mẹ́rin kan á jáde.

3. Lórí fóònù tuntun, ẹ tẹ “Transfer accounts” àti “Import accounts”, kẹ́ ẹ sì fi kámẹ́rà ya àwòrán náà. Bí kóòdù yín bá pọ̀, àwòrán lè ju ẹyọ kan lọ. Ẹ ya gbogbo wọn.

4. Ẹ gbé fóònù méjèèjì síra. Nọ́ńbà kan náà ló yẹ kó wà lórí wọn. Bí wọn ò bá dọ́gba, ẹ yẹ aago wò. Aago tó ń ṣe ara ẹ̀ fúnra ẹ̀ ló dáa jù.

5. Ẹ fi fóònù tuntun wọ ibì kan wò lóòótọ́. Bó bá ṣí, ìgbà yẹn lẹ tó lè pa ti àtijọ́ rẹ́. Ẹ má gbàgbé pé fóònù àtijọ́ ṣì lè máa gbé kóòdù jáde títí dìgbà tẹ́ ẹ bá pa á rẹ́.

Ẹnikẹ́ni tó bá ya àwòrán yẹn ti kó gbogbo kọ́kọ́rọ́ yín nìyẹn. Torí náà, ẹ má fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp, ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tó ń ta fóònù bá yín ṣe é. Ilé ni kẹ́ ẹ ti ṣe é.

Láti April 2023, áàpù yìí lè tọ́jú kóòdù sínú àkáǹtì Google yín, kí wọ́n lè yọ fúnra wọn lórí fóònù tuntun. Ó rọrùn, àmọ́ ẹ ṣọ́ra: bó bá jẹ́ pé kóòdù inú áàpù yẹn nìkan lẹ fi ti àkáǹtì Google náà pa, ṣe lẹ ti kọ́kọ́rọ́ àpótí mọ́ inú àpótí.

Tó bá jẹ́ áàpù míì lẹ̀ ń lò ńkọ́? Ọ̀nà kan wà tó sábà máa ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí fóònù àtijọ́ ṣì wà lọ́wọ́, ẹ wọ ibi ààbò ní àkáǹtì kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ yọ fóònù àtijọ́, kẹ́ ẹ sì fi tuntun sí i. Ó gba sùúrù, àmọ́ ó dájú. Ní ti báńkì, ọ̀pọ̀ áàpù wọn máa ń fẹ́ kẹ́ ẹ forúkọ fóònù tuntun sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, torí náà ẹ béèrè lọ́dọ̀ wọn kẹ́ ẹ tó pààrọ̀.

Bí fóònù bá ti sọ nù

Ibí ni ìwé pélébé kan ti wúlò. Google máa ń fún èèyàn ní kóòdù ìpamọ́ mẹ́wàá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà mẹ́jọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lèèyàn lè lo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Facebook náà ní tiẹ̀. Ẹ kọ wọ́n sínú ìwé, kẹ́ ẹ sì fi í síbi tẹ́ ẹ̀ ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ àti ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ sí. Ẹ má yà á ní fọ́tò sínú fóònù, torí bí fóònù bá lọ, òun náà lọ nìyẹn.

Bí kò bá sí ìwé yẹn, ẹ wò ó bóyá kọ̀ǹpútà tàbí fóònù míì wà nílé tí àkáǹtì yín ṣì ṣí sílẹ̀ lórí ẹ̀. Ó lè jẹ́ ibẹ̀ lẹ ti máa rí ọ̀nà wọlé. Kẹ́ ẹ sì tètè ní kí iléeṣẹ́ tó ni síìmù tì í pa. Ní ti WhatsApp, bẹ́ ẹ bá gbàgbé nọ́ńbà mẹ́fà tẹ́ ẹ fúnra yín yàn, tẹ́ ẹ ò sì fi ímeèlì sí i, ọjọ́ méje lẹ máa fi dúró.

Ọ̀rọ̀ gbogbo ilé ni

Ẹ̀yin ọmọ, tẹ́ ẹ bá ń ra fóònù fún Màmá tàbí Bàbá, ẹ má kàn gbà á lọ́wọ́ wọn kẹ́ ẹ sì máa tẹ̀ ẹ́. Ẹ jókòó tì wọ́n, kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe é. Ẹ tún sọ fún wọn pé bí ẹnikẹ́ni bá pè, kódà tó bá lóun ń pè láti báńkì, wọn ò gbọ́dọ̀ ka kóòdù fún un.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tẹ́ ẹ fọkàn tán nínú ilé mọ ibi tí ìwé kóòdù wà. Àìsàn kì í sọ tẹ́lẹ̀ kó tó dé. Ìdílé míì wà tó jẹ́ pé inú àkáǹtì kan ṣoṣo ni fọ́tò ìgbéyàwó, ìwé ọjà àti nọ́ńbà gbogbo ẹbí wà.

Kò ju wákàtí kan lọ láti ṣe gbogbo ẹ̀, kò sì dìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra fóònù tuntun. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ wá bírò àti ìwé, kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ látorí kóòdù ìpamọ́.