Iṣu kì í bímọ lọ́nà kan ṣoṣo

Ní oṣù kẹjọ ọdún, nígbà tí àwọn onígbàgbọ́ ń rọ́ wá sí ihò àpáta Notre-Dame d'Arigbo ní Dassa-Zoumè, iṣu tuntun ti dé ọjà. Láàárín àwọn òkè tí a fi ń pe ìlú náà ní ìlú olókè 41, àwọn àgbẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ lórí ebè láti oṣù keje. Bí ẹ bá dúró ti ọ̀kan nínú wọn, ẹ óò rí i pé kì í fa ìtàkùn iṣu tu. Ó ń tú ẹ̀gbẹ́ ebè, ó ń gé iṣu ní abẹ́ orí, ó ń gbé e jáde, ó sì ń da ilẹ̀ padà bo orí àti gbòǹgbò. Ìtàkùn kò kú. Ní oṣù kọkànlá tàbí oṣù kejìlá, orí tí ó kù nínú ilẹ̀ yóò ti so àwọn iṣu kéékèèké. Àwọn ni èbù ọdún tí ń bọ̀.

Bí a ṣe ń ṣe Laboko nìyẹn, iṣu tí àwọn oníyán fẹ́ràn gidigidi ní ilẹ̀ wa. Kokoro yàtọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń wà á, nígbà tí ìtàkùn rẹ̀ bá ti gbẹ. Ó ń so ọmọ kéékèèké púpọ̀: a ń fi púpọ̀ ṣe èlùbọ́, a sì ń fi díẹ̀ pamọ́ ní odindi fún gbígbìn.

Ohun kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí a kì í sábà rò. Èbù kì í ṣe ọmọ tuntun. Ara iṣu náà gan-an ni. Bí bàbá àgbà yín bá gé Laboko kan sí mẹ́ta, tí ó gbìn ín, tí ẹ̀yin náà sì ń gé e títí di òní, iṣu kan náà ni ó wà lóko yín. Ìdí nìyí tí adùn rẹ̀ kì í yí padà. Ìdí náà nìyí tí àrùn rẹ̀ kì í tán. Àrùn tí ń sọ ewé iṣu di alábàwọ́n a máa sá pamọ́ sínú èbù, a sì bá a dé inú ebè tuntun. Èbù tún wọ́n. Nínú ìkórè iṣu, ìdá kan nínú mẹ́rin lè padà sínú ilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó jẹ nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n iṣu ní ọ̀nà kejì. Ẹ wo ìtàkùn tí ó ti gun ọ̀pá rẹ̀ dé òkè: òdòdó wà lára rẹ̀, ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i. Ìtàkùn kan jẹ́ akọ, òmíràn jẹ́ abo, gẹ́gẹ́ bí igi ìbẹ́pẹ. Àwọn kòkòrò tín-ín-tín ni wọ́n ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó akọ lọ bá abo. Bí ó bá dé ibẹ̀, abo yóò so èso onígun mẹ́ta. Hóró mẹ́fà lè wà nínú èso kan. Wọ́n fúyẹ́, wọ́n ní ìyẹ́, afẹ́fẹ́ sì ń gbé wọn lọ. Hóró wọ̀nyí ni ọmọ gidi. Ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ sí ìyá rẹ̀ àti sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Àkókò ni ó ń ṣòro. Akọ lè tan òdòdó kí abo tó múra. Abo lè tan òdòdó nígbà tí ti akọ ti rẹ̀ dànù. Irú mìíràn kì í tan òdòdó rárá.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn mìíràn tí wọn kò lè rìn lọ bá ara wọn, tí wọ́n sì borí ìṣòro yìí. Inú òkun ni wọ́n wà. Iyùn tí àwọn ọba ń so mọ́ ọrùn kì í ṣe òkúta lásán. Eegun àwọn ẹranko kéékèèké tí ń gbé pọ̀ nísàlẹ̀ omi ni. Ìbátan wọn wà nínú àwọn òkun tí ó gbóná, tí ń kọ́ odi òkúta gígùn. Bí ìjì bá ṣẹ́ ẹ̀ka wọn, ẹ̀ka náà lè lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ kí ó di tuntun: èbù nìyẹn. Àwọn kan ń tọ́jú ọmọ sínú ara títí yóò fi lè lúwẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ń tú ẹyin àti àtọ̀ sínú omi, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà. Ní etí òkun Ọsirélíà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ rí i pé ọ̀pọ̀ irú wọn ń ṣe é ní alẹ́ díẹ̀ péré lẹ́yìn òṣùpá àrànmọ́jú. Gbígbóná omi, òṣùpá àti òkùnkùn ni wọ́n fi ń ka ọjọ́. Iṣu kò ní irú kàlẹ́ńdà bẹ́ẹ̀.

Ènìyàn ni ó ń ran iṣu lọ́wọ́. Iṣu igbó tí ó wà létí odò a máa tan òdòdó, kòkòrò a sì máa ti ara rẹ̀ lọ sí ara iṣu oko. Hóró tí ó bá ti ibẹ̀ wá yóò hù nínú igbó. Àgbẹ̀ tí ó mọ̀ ọ́n yóò wà á, yóò gbìn ín sóko, yóò sì máa yan èyí tí ó dára lọ́dọọdún, títí yóò fi di iṣu ilé. Ní ọdún 2006, àwọn onímọ̀ tí wọ́n yẹ ìran iṣu àríwá orílẹ̀-èdè wa wò fi hàn pé òótọ́ ni: àwọn kan lára iṣu tí àgbẹ̀ mú bọ̀ jẹ́ ọmọ iṣu oko àti iṣu igbó. Ní ọdún 2019, ìwádìí mìíràn sọ pé inú iṣu igbó ni iṣu funfun ti wá, ní agbègbè odò Ọya, tí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wà lára rẹ̀.

Oko àti èédú ń jẹ igbó run, ọjà sì ń béèrè Laboko. N kò dá àgbẹ̀ lẹ́bi. Ẹni tí ó ní owó ilé ìwé láti san kò lè gbin iṣu tí ẹnikẹ́ni kò ní rà. Ṣùgbọ́n bí iṣu kan ṣoṣo bá kún oko, àrùn kan ṣoṣo tó láti kó gbogbo rẹ̀ lọ.

Kí ìtàkùn tó gbẹ ní ọdún yìí, ẹ rin oko yín já. Ẹ so okùn mọ́ èyí tí ewé rẹ̀ mọ́, kí ẹ lè mú èbù níbẹ̀. Bí ẹ bá rí èso onígun mẹ́ta lórí ìtàkùn, ẹ fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ. Hóró rẹ̀ máa ń sùn fún oṣù mélòó kan kí ó tó lè hù. Ẹ gbìn ín sí ilẹ̀ rírọ̀ nígbà òjò. Ní ọdún àkọ́kọ́, iṣu rẹ̀ yóò kéré gan-an, kò ní tó sè. Ẹ tún un gbìn ní ọdún kejì.